Ẹ Jẹ́ Kí A Gbé Kásẹ́ẹ̀tì Inú Keller Wá Sí Pálọ̀

Ojú-ìwé okòwò ni èyí, àwọn kan yóò sì ti máa rò pé ọ̀rọ̀ owó-orí tàbí ti ọkọ̀ tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ni mo tún gbé dé. Ọ̀rọ̀ owó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun-ìní kan ni mo fẹ́ kí a jọ ṣírò lónìí, èyí tí n kò tíì rí nínú ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ kankan: àwọn kásẹ́ẹ̀tì, fídíò àti àwòrán tó wà nínú ilé wa.

Ẹ wo Osdorfer Born níbí. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé gogoro wọ̀nyí sí ìwọ̀-oòrùn Hamburg. Títí di òní ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì ni a fi ń jáde, bọ́ọ̀sì náà ni a fi ń wọlé. Ilé kò tóbi, ẹrù pọ̀, Keller ni ohun gbogbo ń lọ. Bí ẹ bá ṣí Keller ọmọ Yorùbá, ẹ óò rí táyà ìgbà òtútù, ìkòkò ńlá tí a fi ń se ìrẹsì òde, àti bààgì Ghana-Must-Go méjì mẹ́ta. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni páálí kan yóò wà. Inú páálí yẹn ni ìsìnkú bàbá wa wà, àti ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n, àti ìwúyè, àti ìkómọjáde àkọ́bí. Àwọn kan ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá wọn fi ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí tẹlifóònù kò tíì dé ìlú, tí ìyá ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kìn-ín-ní dé òpin, tí ó wá ń béèrè ní ojú kejì pé ṣé ó ń jẹun dáadáa, ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun-ìní tí ẹnikẹ́ni kò lè lò kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Fídíò tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò gbé e jáde, òkú fídíò ni. Èrò mi rèé, n óò sì sọ ọ́ gbangba: kí ẹgbẹ́ wa tó tún san owó fún olórin kankan níbi àríyá ọdún, kí ó kọ́kọ́ ra àpótí kékeré kan tí a óò kó gbogbo ìrántí wọ̀nyí sí, kí olúkúlùkù sì ṣe irú rẹ̀ sí ilé tirẹ̀.

Kò sí àsìkò láti fi falẹ̀. Ní Berlin yìí gan-an, níbi ìpàtẹ rédíò ọdún 1963, ni ilé-iṣẹ́ Philips ti kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì han aráyé. Nígbà tó yá ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbé jùjú, àpàlà, fújì àti wáàsí wọ inú gbogbo ilé. Fídíò VHS tẹ̀ lé e láti Japan ní 1976. Ní oṣù Keje ọdún 2016 ni Funai, ilé-iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, èyí tó wà nílẹ̀ ni a ń lò, bí ó sì ti ń kú ni ó ń tán. Téépù fúnra rẹ̀ kò dúró dè wá. Ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, ó ń hu olú, lẹ́búlẹ́bú tí ohùn àti àwòrán wà lára rẹ̀ ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Keller tó tutù, tó ní ọ̀rinrin, ibi tó burú jù tí a lè tọ́jú rẹ̀ sí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá. Ní 1976 ni Adamu Halilu ṣe fíìmù Shaihu Umar ní èdè Haúsá, láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ, ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà tí a gba òmìnira. Fíìmù náà sọnù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi rò pé kò sí láyé mọ́. Ní 2016 ni wọ́n rí i nínú àká fíìmù ìjọba ní Jos. Ilé-iṣẹ́ Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tún fi í hàn níbi ayẹyẹ fíìmù Berlinale ní 2018. Fíìmù tó ní àká nìyẹn o, tó ní òṣìṣẹ́, tí àwọn àjèjì sì náwó lé lórí. Ta ni yóò gbéra láti Berlin wá tún fídíò ìsìnkú ìyá wa ṣe?

Kí wá ni àpótí tí mo ń wí? Àwọn ọmọ wa ń pè é ní NAS. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Hard disk kan tàbí méjì ni, nínú àpótí tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, tí a fi wáyà so mọ́ router tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí hard disk tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà ni pé kò dúró de kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Tọ̀sán tòru ni ó wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, fóònù ìyá, kọ̀ǹpútà ọmọ, gbogbo wọn lè mú nǹkan lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá wá fi ètò kan bíi Jellyfin sí i, ètò tí a kò san kọ́bọ̀ fún, àwọn fídíò náà yóò tò sójú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwòrán àti àkọlé wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lórí Netflix. Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí ni wọ́n ń pè ní media server. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tẹ rimóòtù, ó rí kàtúùnù, ó rí bọ́ọ̀lù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ó rí bàbá bàbá rẹ̀ tó dìde dúró tó ń gbàdúrà níbi ìkómọjáde. Ọmọ yẹn kò ní lọ sí Keller láé láti wá a. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà níwájú rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tí kò fẹ́ náwó púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní FRITZ!Box lára ògiri. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berlin ní 1986 pẹ̀lú orúkọ AVM ni ó gbé èyí àkọ́kọ́ jáde ní 2004. Púpọ̀ nínú wọn ní ihò USB. Bí a bá ki hard disk kékeré bọ ibẹ̀, tí a ṣí ojú-ewé fritz.box lórí kọ̀ǹpútà inú ilé, tí a sì tan ibi tí wọ́n kọ NAS àti Mediaserver sí, tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé yóò rí i fúnra rẹ̀. Kò yára, kò sì ní ẹwà ti Jellyfin, ṣùgbọ́n fún ilé tó ní fídíò mẹ́wàá, ó tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Fídíò VHS kan sábà máa ń jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Bí a bá sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n tó mọ́ lójú dáadáa, wákàtí kan yóò gba nǹkan bí 2 GB. Ilé tó ní fídíò 60, 360 GB ni gbogbo rẹ̀. Hard disk 4 TB, tí kì í ṣe èyí tó tóbi jù lọ́jà rárá, yóò gbà á ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ, tàbí kí ó gbà á pẹ̀lú àwòrán gbogbo mọ̀lẹ́bí. Fún àpótí tó ní hard disk méjì, tí ohun tó wà lórí ọ̀kan wà lórí èkejì, ẹ fi 500 Yúrò sọ́kàn. Bí a bá pín in sí ọdún márùn-ún, 100 Yúrò ni lọ́dún. Iná ńkọ́? Àpótí tó ń jẹ 20 watt tọ̀sán tòru yóò jẹ yúníìtì 175 lọ́dún. Bí ilé-iṣẹ́ iná bá ń gba sẹ́ǹtì 35 lórí yúníìtì kan, 61 Yúrò nìyẹn. Lápapọ̀, 161 Yúrò lọ́dún. Ti router pẹ̀lú hard disk kékeré tó ń jẹ 3 watt, iná rẹ̀ kò tó 10 Yúrò lọ́dún. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn láti máa sọ pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nílẹ̀ tí a lè fi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ kọ́ o. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá ń jẹ 60 watt, iná 184 Yúrò ni yóò jẹ lọ́dún kan. Ó fi 23 Yúrò ju àpótí tuntun lọ, a sì ti ka iye tí a fi ra àpótí náà mọ́ ọn!

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò bi mí: kí ló dé tí a kò kúkú gbé gbogbo rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Google tàbí Apple, ní nǹkan bí 10 Yúrò lóṣù fún 2 TB? 120 Yúrò lọ́dún nìyẹn, ó sì kéré sí 161. Òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ owó ìdílé kan nìkan ni à ń wò, cloud ni ó borí, n kò sì ní fi ìṣirò èké tàn yín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ilé tí a kọ́ àti ilé tí a háyà, àwa tí a ń san owó ilé lóṣooṣù ní Jámánì mọ èyí dájú. Ọjọ́ tí owó oṣù kò bá lọ mọ́, bóyá torí àìsàn, bóyá torí ikú, onílé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìlẹ̀kùn. Onílé sì lè yí àdéhùn padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Google Photos fi gba àwòrán wa lọ́fẹ̀ẹ́ láìníye. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ọ̀fẹ́ náà dópin. Iná sì lè jó ilé onílé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021 kan náà ni ilé kọ̀ǹpútà OVH jó ní Strasbourg, àwọn oníbàárà tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn pàdánù ohun tí wọ́n kó síbẹ̀. Ẹ tún ro ti àwọn ará ilé. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun mélòó kan bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì di ségesège ní Nàìjíríà àti káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun tó wà lórí hard disk nínú ilé kò bá wọn já.

N kò sọ pé kí a má lo cloud. Ẹni tó bá ti ní i, kí ó fi ṣe ẹ̀dà kan. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé kí ó jẹ́ òun nìkan ṣoṣo, pàápàá lórí fóònù ẹnì kan ṣoṣo.

Níbi tí a dé yìí, ẹni tó bá fẹ́ sùn kí ó jí o, torí ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí. Kò sí nínú àpótí, inú orúkọ ni ó wà. Ẹ ṣí hard disk ìdílé èyíkéyìí, ẹ óò rí àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí orúkọ gbogbo wọn jẹ́ IMG pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn. Ta ni ọkùnrin tó dé fìlà gọ̀bì lápá òsì yẹn? Agbolé ta ni wọ́n dúró sí? Ọdún wo ni? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ẹrù tí a kó sí ilé ìkẹ́rùsí láìkọ nǹkan sí i lára, gbogbo oníṣòwò ló mọ bí ó ti máa ń parí.

Bí èmi ṣe fẹ́ kí a máa kọ orúkọ nìyí: kí ọdún ṣáájú, kí oṣù àti ọjọ́ tẹ̀ lé e, kí ayẹyẹ àti ìlú wá tẹ̀ lé wọn. Bí àpẹẹrẹ, «1991-12-27 Ìsìnkú Ìyá Àgbà, Ìbàdàn». Nígbà tí ọdún bá ṣáájú, kọ̀ǹpútà yóò to gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti àtijọ́ dé ìsinsìnyí. Bí a kò bá mọ ọjọ́, kí a kọ ọdún nìkan. Bí ọdún kò bá dá wa lójú, kí a kọ «nǹkan bí 1985», kí a má purọ́. Lẹ́yìn náà, kí ìwé kékeré kan wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan tí a kọ àwọn èèyàn sí: ní ìṣẹ́jú 14, ẹni tó ń ki oríkì ni àbúrò ìyá wa tó kéré jù, ní ìṣẹ́jú 22, àwọn tó wọ aṣọ òfì ni ẹgbẹ́ ìyàwó ilé. Kọ̀ǹpútà òde òní gba àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà dáadáa, ṣùgbọ́n kí ìdílé yan ọ̀nà kan kí wọ́n dúró lórí rẹ̀. Bí a bá kọ «Ìsìnkú» síbí, tí a kọ «Isinku» sọ́hùn-ún, ọjọ́ tí a bá ń wá a, ó ṣeé ṣe kí a rí ìdajì.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní Osdorfer Born lè so àpótí yìí pọ̀ kí ìrẹsì tó jiná, ṣùgbọ́n kò mọ ojú kan ṣoṣo nínú fídíò yẹn. Àgbàlagbà mọ gbogbo wọn pẹ̀lú orúkọ ìyá tó bí wọn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ ní ọ̀sán Àìkú, kí àgbà máa sọ, kí ọmọ máa tẹ̀ ẹ́. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè gbà tó wákàtí kan, torí ìtàn yóò máa fa ìtàn: ta ló jà pẹ̀lú ta níbi òde yẹn, ilẹ̀ wo ni wọ́n tà kí wọ́n tó rí owó ṣe é, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n àgbà kò wá. Mo ti rí ọmọ tó ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn ní èdè Jámánì láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ó ń fi Yorùbá béèrè pé «Ta nìyẹn?» lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wá sí ìlú yìí ní àwọn ọdún 1970 ti ń darúgbó. Hard disk tó bàjẹ́, a ó ra òmíràn ní ọjọ́ kejì. Ìmọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn, a kò rí i rà.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni àwọn tó ń ta ọjà fi í tàn jẹ: hard disk méjì nínú àpótí kan kì í ṣe ẹ̀dà méjì. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò dúró, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣèèṣì pa fídíò kan rẹ́, orí méjèèjì ni yóò ti pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olè bá gbé àpótí, méjèèjì ló gbé. Bí páìpù omi bá bẹ́ ní àjà òkè, méjèèjì ló máa rin. Nítorí náà ẹ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ wà ní ilé mìíràn, kí ó sì wà ní ìlú mìíràn bí ó bá ṣeé ṣe. Èyí kò ṣòro fún wa rárá! Ẹgbẹ́ wa ní èèyàn ní Hamburg, ó ní èèyàn ní Berlin, a sì ní ilé nílé. Kí àpótí wà ní Hamburg, kí hard disk kan wà lọ́dọ̀ ẹni kan ní Berlin, kí òmíràn wà nílé ní Nàìjíríà. Kí á sì máa yí i bí àjọ. Ẹni tó bá ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá yóò gbé èyí tuntun lọ, yóò gbé ti ọdún tó kọjá bọ̀ wá kí a lè kún un. Kò ju fóònù lọ nínú bààgì. Kí a fi password tì í kí ó tó kúrò nílé, torí bààgì máa ń sọnù ní pápá ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ má ṣe ṣí àpótí náà sí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ̀gbọ́n ní London lè máa wò ó láti ọ̀hún, àyàfi bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dájú bá wà nílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àpótí My Book Live ti Western Digital jí, wọ́n bá ohun gbogbo tí a ti pa rẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2015 ni ilé-iṣẹ́ náà kò ti tún ètò inú rẹ̀ ṣe mọ́. Àpótí tó wà nínú ilé nìkan kò bọ́ sí irú ewu bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Kí orúkọ àwọn ọmọdé tó ń wò ó sì jẹ́ èyí tó lè wò ṣùgbọ́n tí kò lè pa nǹkan rẹ́.

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀. Òfin Jámánì gbà wá láyè láti ṣe ẹ̀dà ohun tí a rà fún ìlò ara wa nínú ilé, bí a kò bá já títì tí wọ́n fi dáàbò bo díísìkì náà. Kò gbà wá láyè láti máa pín fíìmù ẹlòmíràn fún gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì; àwọn tó ti gba lẹ́tà lọ́yà nítorí irú èyí wà láàrin wa, wọ́n sì mọ iye tó ná wọn. Fídíò ayẹyẹ ẹbí náà, kò dáa kí a kàn gbé e sórí YouTube. Èèyàn ló wà nínú rẹ̀, àwọn kan ń sunkún. Ní ti orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 kan ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Kí ìyẹn wà ní fódà tirẹ̀, tí akọ̀wé àti akápò nìkan lè ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí tí ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́, àǹfààní kejì wà fún yín. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, gbogbo ilé-iṣẹ́ ní Jámánì, bó ti wù kó kéré tó, gbọ́dọ̀ lè gba ìwé owó ọjà tó wá ní ìlànà E-Rechnung láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ìwé tó bá dé lórí kọ̀ǹpútà, títẹ̀ ẹ́ sórí pépà kò tó fún Finanzamt. Ẹ̀dà tó dé gan-an ni wọ́n fẹ́ kí a tọ́jú. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ń béèrè fún ìwé-ẹ̀rí owó báyìí, mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀. Ìwé ìṣirò ọdún ṣì jẹ́ mẹ́wàá. Àpótí tí ẹ bá rà fún iṣẹ́, láti 2021 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìṣúná ti gbà kí a yọ gbogbo iye kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ láàrin ọdún kan, dípò ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ má da ti ṣọ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ ti ìdílé. Ọjọ́ tí ayẹ̀wéwò bá dé, ẹ kò ní fẹ́ kí ó máa wo fídíò ìgbéyàwó yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ogún. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ gíga BGH ní Karlsruhe dájọ́ pé ohun tí èèyàn ní lórí Facebook di ti àwọn àrólé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà àti ìwé rẹ̀. Berlin ni ẹjọ́ náà ti wá, ìyá tó pàdánù ọmọ rẹ̀ ní 2012 ni ó pè é. Ọdún mẹ́fà kọjá láàrin ikú ọmọ àti ìdájọ́. Ti àpótí inú ilé kò nílò ilé-ẹjọ́. Kí password wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, pẹ̀lú ìwé ilé àti ìwé ìbí, kí ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ kan mọ ibi tó wà.

Àbá mi fún ìpàdé wa rèé. Kí ẹgbẹ́ ya 700 Yúrò sọ́tọ̀: 500 fún àpótí, ìyókù fún hard disk ìrìn-àjò méjì àti ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé fídíò wọ kọ̀ǹpútà. Bí ìdílé 35 bá dáwó, 20 Yúrò ni fún ìdílé kan, kò tó owó fìlà aṣọ ẹbí. Kí a kọ àpótí náà sínú ìwé ohun-ìní ẹgbẹ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má ba bá akọ̀wé lọ nígbà tí akọ̀wé bá kó kúrò ní Hamburg. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wé-owó-wò bá sì ń ṣe iṣẹ́ ọdọọdún wọn, kí wọ́n mú fídíò mẹ́ta tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣí wọn lórí ẹ̀dà tó wà ní Berlin, kí wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí a ṣe ń ka owó inú àpótí akápò náà nìyẹn, a kì í gbà á gbọ́ lẹ́nu.

Fídíò tí a gbà ní Nàìjíríà àti ẹ̀rọ tí a rà ní Jámánì, ìlànà PAL kan náà ni àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ̀rọ ibí yóò gbé ti ilé. Ti àwọn ẹbí wa ní Amẹ́ríkà, NTSC ni, ẹ kọ ọ́ sí ara páálí kí a lè yà á sọ́tọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ VHS rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó jọ̀wọ́ fi tó akọ̀wé létí ṣáájú ìpàdé, kí ó má sì gbé e fún Sperrmüll.